Orúnkún Tí Mo Fi Ń Kí Èèyàn

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbí ní Imasayi, ní ilé kẹta sí tiwa. Mo ti wé gèlè, mo fi ọ̀pá mi tẹ ilẹ̀ wọ abẹ́ kánópì. Màmá àgbà ilé náà, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó sórí àga níwájú, ọmọ tuntun wà lórí itan wọn. Ìyàwó àdúgbò ni èmi, bí mo tilẹ̀ ti dàgbà tó yìí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọjá lára wọn láìkúnlẹ̀. Mo di ẹ̀yìn àga kan mú, mo ní kí n sọ̀kalẹ̀. Orúnkún ọ̀tún mi kọ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́, ìrora sì ta láti ibẹ̀ dé itan. Àárín méjì ni mo há sí, mi ò dé ilẹ̀, mi ò sì lè nàró, títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi sáré wá gbá mi mú lábíyá.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Màmá," ni mò ń wí, omi ti lé sí mi lójú.

Màmá ní, "Dìde, dìde, ìyàwó. Mo ti gbà á."

Wọ́n gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ jókòó, mo gbọ́ tí ọmọdébìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ìyá Tíṣà ò kúnlẹ̀." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tó rí ló sọ. Èmi tí mo fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kí àgbà, kó jẹ́ kí eékún méjèèjì kan ilẹ̀, kó má kàn ṣe bí ẹni tí èèrà ta. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí, mo sunkún.

Ẹni ọdún 69 ni mí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí orúnkún yìí ti ń pè mí tí mò ń dá a lóhùn pé mò ń bọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ nìkan ló máa ń le. Tí mo bá ti rìn dé ìdí kànga, á ti tú. Mo fi òrí pa á. Mo fi Róòbù pa á, mo fi Aboniki pa á, mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o. Wọ́n ní kí n lọ rí bàbá kan tó ń to eegun, mo lọ. Bàbá náà fọwọ́ tẹ ibẹ̀ yíká, ó ní kí n ká a, ó ní kí n nà án. Ó wá sọ òtítọ́ fún mi: "Ìyá, ká ní ó kán ni, mà á tò ó. Èyí ò kán. Ó jẹ ni." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Títí dòní ni mò ń ṣàdúrà fún un.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bọ́ sọ́wọ́ oògùn inú bébà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: funfun méjì, pupa kan, kékeré kan tí kò ní orúkọ, wọ́n á pọ́n ọn sínú bébà, wọ́n á ní ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ọjọ́ kẹta, ìrora ti lọ. Mo ń rìn bí ọmọge. Mo rà á lóṣù yẹn, mo rà á lóṣù kejì, ó di ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ojú mi rí roboto. Gbogbo ìlú ń kí mi: "Ìyá Tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì ti wọlé o! Ara yín ti ń dán!" Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò.

Ọmọ mi obìnrin ló dé láti Èkó, ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, èyí kì í ṣe sísanra." Ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, ṣúgà ara mi náà ti ń gòkè. Dókítà ní oògùn kékeré tí kò ní orúkọ yẹn jọ irú èyí tí wọ́n ń pè ní sitẹ́rọ́ìdì. Oògùn gidi ni, àwọn dókítà ń lò ó fún àìsàn tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń gbé e mì fún ọdún láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á wú ojú, á gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè, á sì máa jẹ eegun gan-an tí a ní ó ń wò sàn. Àwọn yòókù inú bébà náà, oògùn ara ríro ni wọ́n, àwọn náà lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ara tó ti mọ́ ọn lè dá kú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi dín in kù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fọ́n. Orúnkún sì padà dé pẹ̀lú gbèsè gbogbo ọjọ́ tó fi sùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti darí mi sọ́dọ̀ dókítà eegun. Láti Imasayi, ọkọ̀ kan á gbé ọ dé Ayétòrò, òmíràn á gbé ọ dé Abẹ́òkúta, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni orúnkún mi sì kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà náà kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó gbé àwòrán X-ray mi síbi iná, ó ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹsẹ̀ adìẹ, ẹ ṣáà mọ eegun rírọ̀ funfun tó máa ń wà lórí eegun?"

Mo ní, "Kerekere. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́."

Ó ní, "Òun ló yẹ kó wà láàárín ibí yìí. Ti apá inú ti tán pátápátá. Eegun ló ń ha eegun."

Mo wò ó. Orúnkún òsì ṣì ní àlàfo díẹ̀. Ti ọ̀tún, àwọn eegun méjì náà ti fara kanra, wọ́n tẹ̀ síhà kan. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi rọ́ tí mo rò pé bàtà ni. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, ìwúwo ara wà ńbẹ̀, iṣẹ́ wà ńbẹ̀, ó sì máa ń wà nínú ìdílé mìíràn. Mo rántí ẹ̀gẹ́ tí mo bó lórí àpótí láti kékeré. Ọmọ Yewa ni mí, láfún ló tọ́ mi dàgbà. Orí ìlóṣòó ni a ti ń bó o, orí ìlóṣòó la ti ń sá a. Mo rántí igi tí mo rù láti oko. Mo rántí ìrun pẹ̀lú: òpó 17 lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ méjì nínú òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mò ń forí kanlẹ̀ lórí eékún kí ọjọ́ tó parí. Mi ò dá ọ̀kankan nínú wọn lẹ́bi. Mo kàn ń ṣírò rẹ̀ ni, bí tíṣà.

Dókítà wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé délé: "Mọ́mì, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ orúnkún, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ṣe pé ìfun ló dí ni, mo máa ní ẹ jẹ́ ká sáré. Orúnkún kì í pa èèyàn. Ẹ lọ sílé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: kí lẹ fẹ́ kí orúnkún yìí máa bá yín ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti fún ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n wá fún èmi náà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ní kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ń ṣe gan-an, nítorí ní ìlú wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ irin dípò. Ó ní rárá. Wọ́n á la iwájú orúnkún, wọ́n á rẹ́ orí eegun itan àti orí eegun ojúgun níbi tó ti jẹ, díẹ̀ péré, bí ẹni ń bó èèpo iṣu. Wọ́n á fi irin dán-án-dán dé orí méjèèjì bíi fìlà, wọ́n á wá fi ike líle kan sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gún sí ẹ̀yìn láti pa ìsàlẹ̀ ara. Èèyàn lè wà lójúfò kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan nǹkan bíi káfíńtà. Ó ní ohun tí wọ́n sì máa ń fi lẹ irin náà mọ́ eegun ni sìmẹ́ǹtì.

Mo ní, "Sìmẹ́ǹtì kẹ̀? Ṣé ti Ìbèsè?"

Ẹni tó bá mọ ọ̀dọ̀ wa ló máa mọ ìdí tí mo fi béèrè. Láti ọdún 2012 tí ilé-iṣẹ́ Dangote ti ṣí ilé sìmẹ́ǹtì sí Ìbèsè, a ò mọ sìmẹ́ǹtì mìíràn mọ́ lágbègbè wa. Tírélà rẹ̀ ló ń kọjá lójú wa tọ̀sán-tòru. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti ilé kíkọ́, ó jọ èyí tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Gẹ̀ẹ́sì kan, John Charnley, ló lò ó láti fi lẹ ìtàkìtì ìbàdí tuntun ní ilé ìwòsàn Wrightington. Oṣù kọkànlá ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ irú èyí tó wá rọ́wọ́ mú, ti orúnkún sì tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí lọ́dún 1962, mò ń sáré kiri Imasayi lẹ́sẹ̀ lásán, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ro ọ̀rọ̀ oríkèé mi lọ́wọ́ lókè òkun.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì lórílẹ̀-èdè wa náà. Ta ni kò mọ Ìgbóbì? Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n torí wọn dá ibẹ̀ sílẹ̀, ní 1945 ló sì di ilé ìwòsàn eegun. Wọ́n ń pààrọ̀ oríkèé níbẹ̀ àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn. Dókítà tilẹ̀ sọ fún mi pé nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ ti ìbàdí fún kì í ṣe arúgbó rárá, àwọn ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé orí eegun itan wọn dáadáa títí á fi kú. Ìyẹn mú mi dákẹ́. Mo ti ń rò pé èmi ni mo rù ú jù.

Mo délé, gbogbo ẹnu sì ṣí sílẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá. Àwọn ìyá àgbà níbí ń ṣe é, wọ́n ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ kejì." Mo ní ṣé ọ̀nà Ayétòrò ni wọ́n ń gbà lọ sílé. Ọmọ mi obìnrin ní tirẹ̀ jókòó ti fóònù, ó ń ka ìwádìí sí mi létí. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet ní 2019, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Mo ní kó ka ibi tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Ọsirélíà àti Fínlándì ni. Mo ní, "Kò burú, ṣùgbọ́n Imasayi kò sí ńbẹ̀." Ó ka ibòmíràn pé bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni inú rẹ̀ kì í dùn sí i lẹ́yìn tó bá ṣe é tán. Ó ka ewu rẹ̀: kòkòrò àrùn lè wọ ibi irin, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ìdajì èèyàn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Dẹ́nmáàkì, ní 2015. Wọ́n mú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ tó èyí tí wọ́n lè pààrọ̀. Ìdajì ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì tún ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìdajì ṣe eré ìdárayá, wọ́n gba ẹ̀kọ́ lórí oúnjẹ àti oògùn, láìfi abẹ kan wọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìtura jù, kò sí àní-àní. Àmọ́ àwọn ni wàhálà ńlá bá jù pẹ̀lú. Nínú àádọ́ta tí kò kọ́kọ́ ṣe é, mẹ́tàlá péré ló padà lọ ṣe é láàárín ọdún náà.

Mo ní, "Ó dáa. Èmi náà á kọ́kọ́ ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjìlá."

Ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ilé ìwòsàn fi hàn mí. Máa jókòó sórí àga, dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, tún jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ka ení títí dé ẹ̀wá. Gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà. Ìyàwó tó yá ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mi ló ń bá mi kà á, tó bá gbàgbé iye tí a dé, mo máa ń bá a wí bí ọmọ kíláàsì kẹta. Mo dín láfún alẹ́ kù, ẹ̀dùn ọkàn ńlá ni. Mo fọ́n díẹ̀. Kí n sọ òótọ́: ó ṣiṣẹ́. Orúnkún òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dùn mí mọ́. Itan mi le. Tí gbogbo àgbà ìlú wa bá lè ṣe èyí kí wọ́n tó na ọwọ́ sí oògùn inú bébà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní nílò ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tún kò gbọ́. Ó ṣì ń jí mi lóru. Ó ṣì ń yọ̀ mí sílẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà.

Mo lọ rí àwọn tó ti ṣe é. Ìyá kan wà ní Ayétòrò tó ti pé ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ó dìde láti pàdé mi, kò mú ọ̀pá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ máa dà bí ìrọbí tí ò bí ọmọ." Ó fi hàn mí bí ó ṣe ń ká ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹkún, tí ọmọ rẹ̀ ń dì í mú. Ó ní kí n lọ wo bàbá kan ládùúgbò wọn. Bàbá náà ṣe iṣẹ́ abẹ tiwọn, ó dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ìrora pọ̀, wọ́n kọ̀, wọn ò ká a. Ẹsẹ̀ náà ti gan. Tí wọ́n bá jókòó, á nà síwájú bí ọ̀pá, ọmọdé á sì máa fò ó kọjá. Bàbá náà fúnra wọn ló sọ fún mi pé, "Dókítà ṣe tiẹ̀. Èmi ni mi ò ṣe tèmi."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló le jù. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, orúnkún wọn méjèèjì burú ju tèmi lọ. Mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé irin wọ inú ilẹ̀? Tó o bá kú sórí tábìlì wọn ńkọ́? Wọ́n á béèrè pé kí ló pa á, wọ́n á ní orúnkún. Ta ló ń tìtorí orúnkún kú?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí dókítà náà sọ nìyẹn."

Wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Àgbà ni wá. Ṣé ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lo fẹ́ lọ jó ni? Àgbà ń jókòó sójú kan ni, kí ayé máa wá bá a."

Òótọ́ ni fún wọn. Ọmọ wọn mẹ́ta àti ìyàwó ọmọ méjì ló wà nínú agbo ilé náà. Ọmọ-ọmọ ló ń bu omi ìwẹ̀ wọn. Tí wọ́n bá ní "ẹ gbọ́", ẹni mẹ́rin á dáhùn. Mo rọra sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí èmi bá jókòó sójú kan, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti lọ. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tí mo bá pe èèyàn lóru, ewúrẹ́ ló máa dáhùn."

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa orúnkún tiwọn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ iṣẹ́ àṣetiléwá mi sínú ìwé ẹ̀wé kan:

Kìn-ín-ní, kí n lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Èkejì, kí n lè padà máa kírun nílẹ̀, kí n kúrò lórí àga. Ẹ̀kẹta, kí n lè lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀kẹrin, kí n lè fẹsẹ̀ mi rìn lọ sọ́jà kí n sì rìn bọ̀. Ìkarùn-ún, kí n lè dìde lóru lọ tọ̀ láìbẹ̀rù pé mo máa ṣubú tí kò ní sẹ́ni tó mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo gbé e lọ fún dókítà. Ó kà á bí ẹni ń máàkì ìwé. Ó fi bírò kan ti àkọ́kọ́, ó ní, "Mọ́mì, èyí kò dá mi lójú. Kì í ṣe èèwọ̀, àwọn kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í rọrùn fún láti kúnlẹ̀ lé e, orúnkún tuntun kì í sì í sábà ká tó èyí tí èèyàn fi ń lóṣòó." Ó kan èkejì: "Èyí náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ àga yẹn nù." Ó kan ẹ̀kẹta: "Ó ṣeé ṣe." Ó wá fa ìlà sábẹ́ méjì tó kẹ́yìn. "Nítorí ìwọ̀nyí gan-an la fi ń ṣe é."

Mo gba ìwé mi padà. Mo wò ó nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ayétòrò. Ohun tó mú mi sunkún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló wà lókè, òun gan-an sì ni abẹ kò lè ṣe. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ nítorí ìtìjú, òun ni ìgbésí ayé mi. Mo ti ń rò pé wọ́n fẹ́ dá orúnkún mi àtijọ́ padà fún mi ni. Kò sí ẹni tó lè dá ìyẹn padà. Òmíràn ni wọ́n fẹ́ fún mi, tó mọ rírìn, tí kò mọ ìkúnlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dágbére fún ti àtijọ́, kó má wulẹ̀ lọ, nítorí mo rò pé díẹ̀ nínú ẹni kan nínú márùn-ún tí inú wọn kì í dùn yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà.

Ó wá ku owó. Ẹ̀rọ orúnkún yẹn, òkè òkun ló ti ń wá, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló ti fò sókè. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun á san ìdajì. Ìdajì tó kù, mo ní in. Ibi tí mo ti ní in ni wàhálà: owó Mẹ́kà mi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀, láti ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ṣe ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń sún síwájú. Ní 2024 tí wọ́n ní kí àwọn tó ti sanwó Hájì tẹ́lẹ̀ tún mú owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì náírà kún un, mo jókòó sórí àga ìrun mi, mo dákẹ́. Ìlú ti ń pè mí ní Àlàájà ṣáájú àkókò. Tí mo bá ná owó yìí sórí orúnkún, mi ò ní í rí i kó jọ mọ́ láyé mi. Mo mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá ààfáà wa. Wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹni tó bá ní agbára ni Ọlọ́run pè. Owó nìkan kọ́ ni agbára. Ara wà ńbẹ̀." Wọ́n ní mélòó ni mo lè rìn láìdúró. Mo ní láti ilé mi dé mọ́ṣáláṣí, mo máa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹ ò ì tíì ní agbára náà nìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn yín." Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àìlẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe pé kò dunni.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rò ó. Lóru ọjọ́ kan, mo dìde fẹ́ lọ tọ̀, orúnkún yọ̀, mo gbá orí mọ́ ògiri. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìpè ìrun Àsùbáà. Kò sí ohun tó ṣẹ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun, mo sì wà nílẹ̀ tí mo ń fẹ́ wà láti ọjọ́ yìí, àmọ́ mi ò lè dìde kúrò ńbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ṣọ́ọ̀bù fi máa wá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ tó gbọ́ ohùn mi, mo ti pinnu.

Orúnkún kan ni a máa ṣe, ti ọ̀tún. Oṣù kọkànlá ni wọ́n dá fún mi, bí ẹ̀jẹ̀ mi bá dúró síbi tí wọ́n fẹ́ kó dúró sí. Ọmọ mi obìnrin á gba ìsinmi oṣù kan níbi iṣẹ́. Mo ti ká ẹní kékeré ẹnu ọ̀nà tó lè kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Káfíńtà ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi ga sókè. Mò ń bá eré ìdárayá mi lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí wọ́n ní itan tó bá le ṣáájú ló ń tètè gbé ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò ní í sọ fún yín pé kò bà mí.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní, "Tó o bá dé, má wá sọ pé o fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi kó o lọ ba irin olówó ńlá jẹ́. Ṣáà rìn wá."

Ìsọmọlórúkọ mìíràn ò ní ṣàìsí, ìlú wa ń bímọ. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, màá rìn wọ abẹ́ kánópì láìmú ọ̀pá, màá dúró níwájú Màmá àgbà, màá tẹ̀ríba. Ọmọdé tó bá ní Ìyá Tíṣà ò kúnlẹ̀, kò parọ́. Kó ṣáà tún bá mi sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá.